Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ìbídùn Bọ̀ Láti Ìlú Àìsunkún

Ẹ fà mọ́ra díẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè jókòó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé àga yẹn súnmọ́ ibí, oòrùn máa tó yí dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni, tí ọbẹ̀ bá sì jóná, èmi kọ́ ni kẹ́ ẹ bá wí.

Èmi ni Gídíónì Ọdẹ́níyì, ọmọ bíbí ìlú Àgbédé-Odò. Bí ẹ ṣe ń rí mi yìí, tí mo ń fọwọ́ ti ìbàdí kí n tó dìde, ẹ má rò pé bí mo ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ara mi ṣì le, tí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ẹfọ̀n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á sì bẹ̀ mí pé kí n kọjá. Ìkookò kan wà lẹ́yìn òkè tó mọ orúkọ mi dáadáa, òun ló fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn ò bá tètè sùn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi ìkookò. Ṣùgbọ́n ibi tí ìfọ́nnu mi mọ nìyí, nítorí nínú ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn fún yín, agbára mi kò wúlò fún nǹkan kan. Ọlọ́run ló mú mi lọ, òun ló mú mi bọ̀. Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyẹn, kí ẹ lè bá mi dúpẹ́.

Mo fẹ́ Ìbídùn, ọmọ àgbẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ odò. A wojú Ọlọ́run pẹ́ kó tó fún wa lọ́mọ. Nígbà tó fún wa, obìnrin ni, a sọ ọ́ ní Olúfúnmbi, à ń pè é ní Fúnmbi. Ọmọ náà kò tíì lè jókòó, ẹnu rẹ̀ kò tíì lè pe ìyá, kò tíì lè pe bàbá, tí ibà fi gbé e lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá Ẹfúráímù Lápàdé, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa, ló sin ín sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbídùn sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi kò sunkún. Ní ilé tiwa, ọkùnrin ọdẹ kì í sunkún. Igbó ni mo gbà lọ, ibẹ̀ ni mo sì ń wà.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan wọ ìlú wa. Aṣọ rẹ̀ funfun, eruku kì í bà á. Ohùn rẹ̀ rọ̀ débi pé àwọn ajá pàápàá ń lọ dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí a máa pe òun ní Olùtùnú. Ó dúró ní ojúde ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Ọlọ́run ti bá òun sọ ọ̀rọ̀ tuntun, pé ọ̀rọ̀ tí a ti ń kà tẹ́lẹ̀ ti gbó. Ó ní ẹkún ni ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Ó ní ẹni tó bá nígbàgbọ́ kì í ṣàìsàn, kì í ṣọ̀fọ̀. Ó ní ìlú kan wà lódìkejì Igbó Ohùn, Ìlú Àìsunkún ni orúkọ rẹ̀, gbogbo ohun tí èèyàn ti pàdánù rí ló wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ìyàwó mi láàárín èrò. Ó ní, "Ìyá Fúnmbi, ọmọ rẹ wà níbẹ̀."

Èmi kò sí nílé nígbà tí ó sọ ọ́. Nígbà tí mo fi máa dé pẹ̀lú ẹran lórí, ilẹ̀kùn ilé mi ṣí sílẹ̀, eérú ààrò ti tutù. Ìyá àgbà kan tí à ń pè ní Ìyá Tìnúọlá, aládùúgbò wa, ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń dúró dè mí.

Ó ní, "Ọdẹ, sọ ẹran yẹn kalẹ̀. Wọ́n ti lọ. Ìdajì ìjọ ló tẹ̀lé e. Ìyàwó rẹ wà láàárín wọn, ó mú ọ̀já ọmọ náà dání."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mà? Ṣé ọmọ yín ọkùnrin náà lọ ni?"

"Ó lọ. Olùtùnú wọn ní ẹni tí kò bá lè rìn kó jókòó, pé àìnígbàgbọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ wa."

Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Lápàdé lọ. Ojú bàbá náà ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ìró ẹsẹ̀ mi ló fi mọ̀ mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní nǹkan tí n ó fi bá ọkùnrin yẹn jà."

Ó ní, "Mi ò ní nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohùn ni wọ́n tẹ̀lé. Ṣé ìbọn rẹ lè pa ohùn ni?"

"Báwo ni n ó ṣe wá mọ ọ̀nà? Kò sí ọdẹ tó wọ Igbó Ohùn rí tó padà wá sọ bó ṣe rí."

"Ọlọ́run ló máa mú ọ rìn ín. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Tí ohùn kan bá pè ọ́ níbẹ̀, má wò ó bóyá ó dùn. Wo ibi tó fẹ́ mú ọ lọ. Wo àwọn tó ti tẹ̀lé e ṣáájú rẹ, bí wọ́n ṣe rí báyìí. Tí ohun tó ń sọ bá takò ohun tí Jésù sọ àti ohun tí Jésù ṣe, ìbáà tàn bí áńgẹ́lì, má dá a lóhùn. Orúkọ tí ọkùnrin yẹn ń jẹ́ pàápàá, orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti ba wọn láti ibẹ̀. Tí o kò bá sì mọ èyí tí o máa ṣe, jókòó kí o gbàdúrà."

Mo ní, "Tí mo bá gbàdúrà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ńkọ́?"

Ó ní, "Kí o tún jókòó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ràn yẹn kò dùn mọ́ mi. Èmi tí mo máa ń sáré lé ẹtu títí tí ẹtu fi máa bẹ̀ mí pé ká jọ sinmi. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà, mo gbé ìbọn kọ́, mo di iṣu àti ọ̀yà gbígbẹ sápò, mo lọ.

Bí mo ṣe wọ Igbó Ohùn ni mo pàdé Ẹlẹ́nu-Yíká. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí ìdí igi àràbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún àti lósì, gbogbo ara rẹ̀ láti àtàǹpàkò dé orí, ẹnu ni. Ẹnu ńlá, ẹnu kékeré, ẹnu tó ní eyín wúrà, ẹnu tó ní irùngbọ̀n. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní, "Olúwa ní kí o yà sápá ọ̀tún." Òmíràn ní, "Irọ́ ni, Olúwa ní kí o yà sósì." Èyí tó wà ní orókún rẹ̀ ní Olúwa ti sọ pé n ó jọba ní ìlú méje. Èyí tó wà ní ìgbáròkó ní Olúwa kò mọ̀ mí rí.

Ẹnu tó tóbi jù, èyí tó wà láàárín àyà, ló wá sọ pé, "Ọdẹ, yan ọ̀kan nínú wa. Tí o bá yan èyí tó ń sọ òótọ́, o máa kọjá. Tí o bá yan èyí tó ń parọ́, a máa gbé ọ mì."

Ó kù díẹ̀ kí n yan èyí tó ní mo máa jọba. Àní mo ti na ìka sí i. Ni nǹkan kan bá rọra mú ọwọ́ mi wálẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn, mo ṣáà mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ kánjú. Mo jókòó sórí gbòǹgbò. Mo ní, "Olúwa, mi ò mọ̀ ọ́n o." Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ẹnu náà fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣépè, wọ́n kọrin ìyìn, wọ́n pe orúkọ bàbá mi. Mo tún jókòó. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, mo jẹ iṣu díẹ̀, mo sì tún jókòó. Nígbà tó pẹ́, àyà mi tó ń já rọlẹ̀, mo wá ń wo nǹkan ńlá yẹn bí ọdẹ ṣe ń wo ẹran, láti òkè dé ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kò sí etí lára rẹ̀ rárá.

Mo dìde. Mo ní, "Mi ò tíì yan ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí Olúwa ń bá yín sọ̀rọ̀, kí lẹ fi gbọ́?"

Gbogbo ẹnu náà kọjú síra wọn. Lẹ́yìn náà ni eléyìí bi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Kí lo fi gbọ́?" Ìyẹn ní, "Ìwọ ni mo fetí sí." Èkejì ní, "Níbo lo ti rí etí?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ara wọn jẹ. Mo rọra gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ gan-an, lórí ilẹ̀ rírọ̀, ni mo ti rí ojú ẹsẹ̀ Ìbídùn. Mo mọ ojú ẹsẹ̀ yẹn láàárín ojú ẹsẹ̀ gbogbo ayé, torí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kì í kan ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo dúpẹ́. Ká ní mo yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, mi ò bá tí rí i.

Ojú ẹsẹ̀ náà mú mi dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Elétí-Gbọọrọ. Àwọn ará ìlú náà gbẹ bí igi oko, ṣùgbọ́n etí wọn gùn dé èjìká, àwọn mìíràn ká tiwọn mọ́rùn bí ẹni wé gèlè. Wọ́n jókòó yí ìkòkò ńlá kan ká. Mo yọjú sínú ìkòkò náà, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sì sí iná lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ wá jókòó. Olùtùnú máa tó padà wá sọ fún wa nípa oúnjẹ."

Mo ní, "Kí ló máa sọ?"

Ọkùnrin kan fi etí rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Áà, nígbà tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ fún wa kẹ́yìn, ó sọ ọ́ débi pé èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ wá lójú."

Mo ronú kan ọ̀rọ̀ Bàbá Lápàdé, pé kí n wo àwọn tó ti tẹ̀lé e ṣáájú. Àwọn nìyí. Àánú wọn ṣe mí. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà kí n fi wọ́n sílẹ̀ báyẹn. Mo dáná sábẹ́ ìkòkò wọn, mo bu omi sí i, mo gé iṣu mi àti ọ̀yà gbígbẹ mi sí i. Tí n bá sọ fún yín pé ìwọ̀nba oúnjẹ inú àpò yẹn tó gbogbo wọn jẹ, ẹ máa ní ìfọ́nnu ọdẹ ti dé. Ó tó wọn jẹ. Èmi tí mo sè é kò mọ bó ṣe tó.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó wá ní, "Ó gbóná. Èyí tí wọ́n ń sọ fún wa kì í gbóná." Ó wojú mi dáadáa. "Ọmọ mi, àwa náà Ìlú Àìsunkún là ń lọ nígbà yẹn. Ó ní ìrìn wa kò yá, kí a dúró síbí kí oúnjẹ wá bá wa. Ó ti kó èèyàn gba ibí kọjá lọ púpọ̀. Mi ò rí ẹnì kan tó padà."

"Ẹ rí obìnrin kan tó mú ọ̀já dání?"

"Mo rí i. Mo ní kó dúró jẹun pẹ̀lú wa." Ó wo ìkòkò náà. "Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé a ò jẹ nǹkan kan."

Mo fi wọ́n síbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun, mo ṣèlérí pé n ó gba ibẹ̀ padà, mo tẹ̀ síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ sọ báyìí, mo ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àyà mi ṣì máa ń já.

Ọ̀nà náà là sí méjì. Ilẹ̀ le níbẹ̀, mi ò rí ojú ẹsẹ̀ kankan mọ́. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó gbàdúrà ni ìmọ́lẹ̀ kan tàn lójú ọ̀nà apá ọ̀tún, ó mọ́ roro, ó tutù lára. Láti inú ìmọ́lẹ̀ náà ni ohùn ọmọdébìnrin kan ti pè mí. Ó ní, "Bàbá mi. Ọ̀nà ibí ni. Èmi Fúnmbi ni. Ọlọ́run ló rán mi sí yín."

Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè, ó ti ń lọ. Omi ti kún ojú mi. Ohùn náà ní, "Ẹ máa bọ̀, Bàbá mi, ẹ yára." Mo ń yára. Nígbà náà ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jókòó tì mí, pé, "Ṣé Fúnmbi pe bàbá rí?"

Mo dúró gbọn-in. Ọmọ mi kò pe bàbá rí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láyé yìí ju kó pe bàbá lọ, ìyẹn náà ni ohùn yẹn mú wá bá mi. Mo bojú wo ilẹ̀. Ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀gbun ló wà níbẹ̀ tí mi ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rọra fà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ náà kú, mo sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọdẹ gbọ́n, ọgbọ́n mi kọ́ ló bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ọgbọ́n mi ti ń sáré lọ sínú ọ̀gbun. Ọlọ́run ló bi mí. Títí di òní, tí mo bá jí, kí n tó bọ́jú, mo máa ń dúpẹ́ fún ìbéèrè yẹn.

Ọ̀nà kejì ló mú mi dé Ìlú Àìsunkún.

Ìlú náà funfun. Ilé funfun, ògiri funfun, ilẹ̀ funfun tó ń dán yanran lójú oòrùn. Kò sí koríko kan, kò sí adìyẹ kan. Àwọn èèyàn wa jókòó ní ìlà-ìlà sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ilé gíga kan tí wọ́n ta aṣọ funfun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà kò sì kúrò lójú wọn, kò pọ̀ sí i, kò dín. Mo rí Jósáyà káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Mo kí i, kò dáhùn. Ìbídùn wà ní iwájú pátápátá. Ó tẹ́ ọ̀já náà sórí itan.

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Ìyá Fúnmbi."

Kò yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Bàbá Fúnmbi. Ó máa tó jáde."

"Ta ni?"

"Fúnmbi. Ó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn. Olùtùnú ní tí inú mi ò bá bàjẹ́ rárá, tí mi ò bá ní omi kankan lójú mọ́, wọ́n máa gbé e fún mi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ó ku díẹ̀." Ètè rẹ̀ ti sán. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ojú ẹni tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. "Àná, díẹ̀ jáde lójú mi, ó ní mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kí n tún bẹ̀rẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ọmọ ọwọ́ kan ké lẹ́yìn aṣọ náà. Igbe Fúnmbi gan-an ni, bó ṣe máa ń ké tí ọmú bá pẹ́. Ìbídùn gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀rín yẹn sì wà lójú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi ara mi ni pé, Ìlú Àìsunkún wo ni ọmọ ti ń sunkún? Mo wá tẹ́tí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣọdẹ mọ bí a ṣe ń pe ẹtu. Ọdẹ á fọwọ́ di imú, á ké bí ọmọ ẹtu, ìyá rẹ̀ á sì jáde wá bá ìbọn. Mo ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ ohun tó ń tú ọdẹ fó: kì í rántí láti mí bí ọmọ ṣe ń mí. Ọmọ tó ń ké máa ń dúró fa èémí, àyà rẹ̀ á já hìn, kó tó tún ké. Igbe tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn kò dúró. Kò sí èémí kankan nínú rẹ̀.

Mo gbé ìbọn sókè. Ẹnu rẹ̀ ti dí. Nǹkan funfun ló kún inú rẹ̀, mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, iyọ̀ ni. Gbogbo ìlú náà látòkè délẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Mo ní, "Olúwa, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́." Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sì tún wá sọ́kàn mi. Ó ní, "Sunkún."

Mo fẹ́ kọ̀. Mo ní bóyá ohùn àwọn tibí náà nìyí. Mo wá yẹ̀ ẹ́ wò bí Bàbá ṣe ní kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé Jésù sunkún rí? Ó sunkún. Ó dúró ní ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sunkún níṣojú gbogbo èèyàn, kò sì sọ fún àwọn arábìnrin òkú pé àìnígbàgbọ́ ló wà lójú wọn. Nígbà náà, ohùn yìí mọ Jésù. Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Mo jókòó sórí iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi.

Mo ní, "Ìbídùn, ọmọ wa kú."

Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́."

"Ọmọ wa kú. Èmi ni mo gbé e dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn. Kò wúwo rárá. Mo ń rìn pẹ̀lú ìṣọ́ra bíi pé ó lè jí." Ẹkún tí mi ò sun nílé, tí mo gbé wọ igbó tí mo gbé bọ̀, gbogbo rẹ̀ dé. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní, "Ọwọ́ Jésù ló wà. Kò sí lẹ́yìn aṣọ yìí. A máa rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí, kì í sì í ṣe ọkùnrin yìí ló máa gbé e fún wa."

Ó yíjú sí mi nígbà yẹn. Ó wo ojú mi tó tutù. Ó gbé ọwọ́ sí i bí ẹni tí kò rí omi rí. Ó ní, "Bàbá Fúnmbi, ẹ̀ ń sunkún." Ẹ̀rín yẹn sì bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣubú lé mi láyà, ó ké.

Obìnrin kan lẹ́yìn wa gbọ́ ọ, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú. Ọkùnrin kan pe ìyá rẹ̀. Ẹkún náà lọ láti ìlà dé ìlà. Omi ojú ń sàn sílẹ̀, ibi tó bá sì dé, iyọ̀ ń yọ́. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ilé gíga yẹn tẹ̀ sápá kan, ó wọlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹ̀dá kan tí kò ju adìyẹ lọ, kò ní ìyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dà bí ọwọ́ ènìyàn, ó sì fi di imú rẹ̀. Asínnijẹ ni wọ́n ń pè é, ohùn òkú ló ń sín jẹ. Bó ṣe rí wa, ó ké lẹ́ẹ̀kan sí i ní ohùn Fúnmbi. Ìbídùn kò mira. Ẹ̀dá náà sá wọ inú ihò.

Olùtùnú jáde wá láti ẹ̀gbẹ́ ilé tó wó. Aṣọ rẹ̀ ṣì mọ́. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ìgbàgbọ́ yín lẹ̀ ń sun dànù yẹn."

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹnì kan ṣoṣo ni kí o fi hàn wá, tí o mú wá síbí tó sì rí ohun tí o ṣèlérí fún un."

Ó kọjú sí àwọn èèyàn, ohùn rẹ̀ tún rọ̀ sí i. Ó ní, "Ìlú mìíràn wà níwájú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń mú yín lọ tẹ́lẹ̀." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Ó dùn mí láti sọ pé àwọn kan dìde tẹ̀lé e. Jósáyà ọ̀rẹ́ mi wà nínú wọn. Mo pè é títí tí mi ò fi rí i mọ́. Mo ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà mi, ẹ̀yin náà ẹ bá mi máa dárúkọ rẹ̀.

Àwa tó kù kó ara wa jọ, àwa la pọ̀ jù. A gba Elétí-Gbọọrọ padà, a sì kó gbogbo wọn dání. Ẹ ń wo àwọn ará ìsàlẹ̀ ọjà, àwọn nìyẹn, etí wọn kò fẹ́ dínkù títí di òní. Ẹ má jẹ́ kí n rí ẹni tó máa bínú, èèyàn mi ni wọ́n. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́nu-Yíká, ó ti sùn lọ, kò sí ẹnu kan tó ṣí. Ọmọ Ìyá Tìnúọlá ló kọ́kọ́ sáré wọ ìlú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ní kó dìde, pé oúnjẹ wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Lápàdé kò wàásù. Ó ní ẹni tó bá ní ọpẹ́ kó jáde. Ìyàwó mi dìde, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó dúró síwájú ìjọ, ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí kò tàn mí rí. Ọkùnrin yẹn sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ fún mi, ó sì sọ mí di ẹni tí kò lè sunkún ọmọ rẹ̀. Ọlọ́run kò sọ fún mi pé mi ò ní í sunkún. Ó rán ọkọ mi wá bá mi sun ún. Fúnmbi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo lè dúró."

Ó padà wá jókòó tì mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pa ẹkùn, mo ti gun òkè, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lágbára tó ìyẹn rí.

Ẹnu mi ti gbẹ, oòrùn sì ti yí dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń pè wá tí kì í tàn wá.